Amọ̀, Ọ̀wẹ̀ àti Ilé Àjọni ní Onigbolo

Gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Pobè lọ sí Kétu ló mọ ọkọ̀ akẹ́rù Onigbolo. Wọ́n á ti to àpò sìmẹ́ǹtì dókè, wọ́n á fi tapólì bò ó, eruku á máa sọ lálá lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń forí lé Sakété, Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ló jọ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ F.L. Smidth ti ilẹ̀ Denmark sì bá wọn lọ́wọ́ sí i, torí òkúta ẹfun tó pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè ṣe 500,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún ni wọ́n gbé kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ abúlé kan lábẹ́ Issaba, ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè, ṣe dé etí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ibẹ̀ rí.

Bí a bá yà kúrò lójú títì, tí a gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ inú oko, ilé amọ̀ la óò bá. Ilé oko àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn: yàrá mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, àgbàlá lẹ́yìn, ẹkù tí wọ́n ti ń ṣe epo ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí gbogbo ẹbí ṣì ń gbé inú oko láti àkọ́rọ̀ òjò títí wọ́n fi kórè tán, ibẹ̀ ni ayé wà. Lónìí, òmíràn ti wó, òmíràn ti di ilé ewúrẹ́, òmíràn sì wà tó jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àti bí ẹbí kan ṣe gbé e dìde pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀rẹ́, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ ẹbí náà dáadáa, ẹbí ìyá mi ni.

Bàbá ìyá mi ló kọ́ ilé náà, lórí ilẹ̀ tí bàbá tiwọn ti ń dáko. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ọ̀pẹ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa: ní Pobè ni àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922, iṣẹ́ sì ń lọ níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí bàbá àgbà kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Ẹnìkan wà ní Èkó, méjì ń gbé Kùtọnu, ẹnìkan ń kọ́ni níléèwé ní Sakété, àwọn yòókù wà ní Pobè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin nìkan ló kù nílé oko. Wọ́n ní àwọn kò ní í fi ojú oórì bàbá àwọn sílẹ̀ fún igbó.

Lẹ́yìn òjò ọdún kan tó pọ̀ jọjọ, ògiri ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wú síta bí ikùn aboyún. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Àbúrò tó ń ṣòwò ní Èkó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n wó ilé náà palẹ̀, òun á ra búlọ́ọ̀kù, òun á ra sìmẹ́ǹtì, ṣebí ìtòsí ni sìmẹ́ǹtì wà, òun nìkan lòun máa sanwó rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Kò sí ẹni tó takò ó pẹ̀lú. Gbogbo wọn dákẹ́ títí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi bi í pé: “Ọmọ bàbá mi, o ṣeun, ọwọ́ rẹ kò ní í wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́ ọ tán, ilé ta ni a óò máa pè é?”

Ìbéèrè yẹn ló ti ń wó ilé ẹbí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Òjò àti ikán kàn ń bá a ṣe ni. Ẹ wo ilé ẹbí tó ti di àlàpà ní Pobè, ní Sakété, ní Kétu, títí dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọmọ tó lówó, tí owó tó ná sórí ìnáwó kan ṣoṣo tó láti fi páànù tuntun bò ó. Kò ní í ná an síbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ná an, àwọn tí kò dá kọ́bọ̀ ni yóò máa sùn nínú rẹ̀. Àwọn yẹn náà kò sì fẹ́ kó ná an, torí wọ́n ti rí ibi tí ẹni tó pààrọ̀ páànù ti sọ pé yàrá méjì ti di tòun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé kọ́kọ́rọ́ sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, oníkálukú á káwọ́ gbera, ilé á sì máa wó lọ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wọn. Lójú tèmi, ọ̀nà àbáyọ tí àwọn àgbà wa ní sí ọ̀ràn yìí ṣì wà, a kàn ti ń fojú iṣẹ́ oko lásán wò ó ni. Òun ni ọ̀wẹ̀.

Àmọ́ kí wọ́n tó pe ọ̀wẹ̀, wọ́n ní láti mọ ohun tó ń ṣe ilé. Wọ́n lọ bẹ bàbá kan tó ti ń mọ ògiri láti ìgbà èwe, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá náà kò wo òrùlé, wọn kò wo ibi tó wú. Ìka ni wọ́n fi ń kan ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Lókè, ó ń dún kì. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí igbá òfìfo. Wọ́n fi ṣónṣó àdá tẹ ibẹ̀, ni odidi abala sìmẹ́ǹtì kan bá ya lulẹ̀. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, ó tutù, àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú, gbòǹgbò koríko ti wọ inú rẹ̀, ikán sì ti la ọ̀nà gbà á lọ sí igi àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ìgbà ìsìnkú bàbá àgbà ni wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn. Àlejò ń bọ̀, ojú ń ti àwọn ọmọ pé ilé bàbá àwọn rí pupa, wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó yíká, wọ́n sì kùn ún. Káàkiri agbègbè wa ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ máa ń mu omi láti inú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń tú u dànù sínú afẹ́fẹ́. Bí oòrùn bá ràn, omi tó mu á gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi náà jáde. Òun alára kì í tẹ̀, bẹ́ẹ̀ amọ̀ máa ń wú díẹ̀ lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Láìpẹ́, sìmẹ́ǹtì á sán wẹ́wẹ́, òjò á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò sì ní í rí ọ̀nà jáde. Ẹsẹ̀ ògiri á wá máa jẹrà nínú aṣọ àlà tí wọ́n wọ̀ fún un. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta á rò pé koko ni ara rẹ̀ le.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bá sìmẹ́ǹtì jà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé wa ló jẹun nídìí rẹ̀. Láti ìgbà tí Joseph Aspdin ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824, ó ti kọ́ afárá, ó ti kọ́ ilé ìwòsàn, ó ti bo kànga tí ọmọdé ìbá jìn sí. Òkúta ẹfun tí wọ́n bá fi iná tó tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius sun pọ̀ mọ́ amọ̀, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, agbára ńlá ló ní. Ibi tí a lò ó sí ló kù díẹ̀ káàtó. Bàbá amọlé náà fúnra wọn ní kí wọ́n ra àpò díẹ̀: wọ́n máa fi ṣe gọ́tà tí yóò gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé kúrò nítòsí ilé. Ní ti ògiri, wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí ilé mí fún gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí wọ́n tó fi ohunkóhun kàn án.

Ọ̀rọ̀ wá kan yẹ̀pẹ̀. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè rò pé ibi gbogbo la ti lè wa amọ̀. Ilẹ̀ oríṣi méjì la ní, wọn kò sì jọra rárá. Ilẹ̀ pupa wà lórí òkè tó lọ láti Sakété dé Pobè, òun ni gbogbo ilé àtijọ́ ibẹ̀ fi pupa. Ilẹ̀ dúdú sì wà nínú àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí-Ìjè, èyí tó ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sínú rẹ̀, tó sì ń di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn lásìkò òjò. Ẹrẹ̀ yẹn wà lára ohun tó dá àwọn sójà Faransé dúró nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí-Ìjè kọ̀ láti tẹrí ba fún wọn lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú sọ ìtàn ìdìde náà nínú ìwé tí wọ́n ṣe lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ilẹ̀ tó jà fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ ogun ni, àmọ́ kò ṣe é fi mọ ògiri, torí bó bá ti ń gbẹ ni yóò máa ya. Ilẹ̀ pupa, tí iyanrìn inú rẹ̀ tó, ni wọ́n ń wá. Bàbá amọlé á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fi omi díẹ̀ po ó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á jẹ́ kó já bọ́ láti ìwọ̀n àyà wọn. Èyí tó bá fọ́ túútúú, iyanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó bá lẹ̀ pẹẹrẹ mọ́lẹ̀, amọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ibi tó ti ya sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́.

Ọ̀wẹ̀ wá kàn báyìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí sábà máa ń da ọ̀wẹ̀ pọ̀ mọ́ àáró. Àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó mọ níwọ̀n: lónìí a wà lóko tìrẹ, lọ́la a wà lóko tèmi, bí a bá ṣe ṣe fún ọ ni ìwọ náà máa ṣe fún wa, ọjọ́ á sì pé ra. Ọ̀wẹ̀ gbòòrò jù ú lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ̀ lọ ló ń pè é. Á pe ará, á pe ọ̀rẹ́, á pe ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, á bọ́ wọn yó, á sì fún wọn lómi mu. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni gbèsè ṣe tó, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ìdílé mẹ́wàá, tí kò wá yọjú sí ti ẹnìkan rí, orúkọ rẹ̀ kì í dára lẹ́nu ará ìlú. N. A. Fadipẹ̀, tó parí ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1970, fi àyè sílẹ̀ fún irú àjọṣe wọ̀nyí nínú rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna náà wà: ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ro oko bàbá ìyàwó, tàbí kí wọ́n lọ bo ilé rẹ̀. Bí àwọn ọmọkùnrin náà bá ṣe pọ̀ tó ni àna ṣe máa mọ̀ bóyá ọkọ ọmọ òun ní èèyàn.

Àwọn àbúrò ìyá mi kò gbà pé ọ̀wẹ̀ ṣì ṣeé ṣe. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ti lọ tán, àwọn tó kù ń gun zẹ́mìjàn, ìyẹn alùpùpù akérò, ta ni yóò fi owó òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá tẹ amọ̀? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá wọn jiyàn. Wọ́n rán ọmọ sí àwọn tí wọ́n ti bá ṣe ọ̀wẹ̀ rí, wọ́n rán sí ìjọ wọn, wọ́n rán sí ilé àwọn Ìmàlé tí oko wọn jọ pààlà, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ tó wà ní Kùtọnu gbé e sí WhatsApp ẹbí, kí olúkúlùkù pe ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e: owó kò gbọdọ̀ dúró fún ara. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lè fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ, àmọ́ òun alára, tàbí ọmọ rẹ̀, gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan amọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọn kò sùn sí ilé náà rí.

Àwọn zẹ́mìjàn tí wọ́n ní wọn kò ní í wá náà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi alùpùpù ru omi láti kànga abúlé, jálá lẹ́yìn, jálá níwájú, kí àwọn obìnrin tó parí ìrìn àkọ́kọ́.

Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti da omi sí kòtò amọ̀, kí yẹ̀pẹ̀ lè mu ún dáadáa. Láàárọ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń yí po. Ìyá kan ń da ihá sí i díẹ̀díẹ̀, ìyẹn fọ́nrán ẹran ẹyìn tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo tán. Ihá ló ń di amọ̀ mú kó má sán, epo tó ṣẹ́ kù sára rẹ̀ sì ń lé omi sẹ́yìn díẹ̀. Amọ̀ tí kò tíì jinná máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá ń jábọ́ lára ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni bàbá amọlé tó máa ní kí wọ́n gbé e wá. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ láti kòtò dé ìdí ògiri, ìṣù á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó wà lókè á gbà á, á sì là á mọ́lẹ̀ gbà! Ohùn yẹn ni wọ́n ń dá orin sí.

Ògiri ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n wó kanlẹ̀. Wọ́n fi òkúta yangí tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó ga ju ilẹ̀ lọ, kí omi tó bá tú ká sílẹ̀ má baà dé ara amọ̀. Wọ́n wá mọ ọ́n ní ìpele ìpele, ìpele kan kì í ju orúnkún lọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi le kí èyí tó tẹ̀ lé e tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wẹ̀ ilé kì í fi í parí lọ́jọ́ kan. Ní ti àwọn ògiri yòókù, wọ́n gé ibi tó jẹrà kúrò bí ẹni ń gé egbò, wọ́n fi omi rin ojú rẹ̀ kí tuntun lè mú ògbólógbòó, wọ́n sì fi yangí àti amọ̀ dí i. Igi ìrókò tí bàbá àgbà fi ṣe àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn iwájú kò ní kókó kan lára. Ikán kò fọwọ́ kàn án. Ti ẹ̀yìn, tí wọ́n ti fi igi mìíràn pààrọ̀ nígbà ìsìnkú, ni ikán ti jẹ di ìyẹ̀fun.

Rírẹ́ ògiri, iṣẹ́ obìnrin ni látilẹ̀ wá. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n jọ̀, iyanrìn odò, ihá, àti omi, wọ́n po gbogbo rẹ̀ sínú kòtò kékeré, wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kan. Òórùn rẹ̀ kò dára rárá. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá, torí amọ̀ tó bá kan ló ń fà, tó sì ń dán. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ìpele méjì. Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ àwọn ìyá náà, bó ṣe ń lọ ní ìlàjì òbìrí, tí ojú ọwọ́ ẹnìkan ń bá ojú ọwọ́ ẹnìkejì pàdé, mo mọ̀ pé kò sí bíríkìlà kan tí owó iṣẹ́ lè mú kó fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ inú yàrá ni wọ́n pa kẹ́yìn, pẹ̀lú bọ̀tọ̀ màlúù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tó ń da ẹran gba ibẹ̀ kọjá.

Ibòmíràn náà ń ṣe irú èyí, wọ́n sì ń fi ṣe ayẹyẹ tí gbogbo ayé ń wá wò. Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí amọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n tún kọ́ ní 1907. Ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń tú jáde láti rẹ́ ẹ. Àwọn ọmọdé á tẹ amọ̀ tí wọ́n fi èèpo ìrẹsì po, àwọn obìnrin á ru omi, ẹgbẹ́ àwọn amọlé á gun igi ọ̀pẹ tó yọrí síta lára ògiri, àdúgbò á máa bá àdúgbò díje. UNESCO ti kọ ìlú náà mọ́ ara ogún àgbáyé láti 1988. Mọ́ṣáláṣí yẹn kò wà ní ìkáwọ́ olówó kankan, torí kò sí ìdílé tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára ògiri rẹ̀.

Ti Burkina Faso tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando, wà nílé ẹ̀kọ́ ní Berlin nígbà tó ń kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi kọ́ ilé-ìwé sí abúlé wọn. Amọ̀ ló ní òun máa fi kọ́ ọ. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ṣé kò rí ohun tí òjò ń fi ojú ilé amọ̀ rí ni. Ó da sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ṣe bíríkì, ó gbé òrùlé páànù sókè kúrò lára àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, ó sì na etí òrùlé síta kí òjò má kan ògiri. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ṣe iṣẹ́ náà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2001. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004. Ní 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé. Òun kan náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun fún ní Àjàṣẹ́, nítòsí wa níhìn-ín.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí kan ọ̀rọ̀ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Sìmẹ́ǹtì ń fẹ́ owó púpọ̀ àti ọwọ́ díẹ̀: bíríkìlà méjì àti lébírà kan lè parí yàrá kan láìjẹ́ pé ará ilé mọ̀ sí i. Amọ̀ kò fẹ́ owó, ọwọ́ ló ń fẹ́, ọwọ́ rẹpẹtẹ. Ilé tí owó kọ́ á ní olówó, ilé tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ kò ṣeé gé pín. Ta ni yóò dìde lọ́la láti sọ pé ògiri ẹ̀yìn jẹ́ tòun, nígbà tí àwọn ọmọ Èkó, àwọn ọmọ Kùtọnu, àwọn oníjọ, àwọn Ìmàlé àti àwọn zẹ́mìjàn jọ tẹ amọ̀ rẹ̀? Ẹlẹ́rìí ti pọ̀ jù. Èyí ni mo rò pé àwọn àgbà wa mọ̀, tí àwa tó ń ka ọ̀wẹ̀ sí ọgbọ́n àìlówó lọ́wọ́ kò mọ̀.

Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo gbé owó tó pọ̀ lọ: àkàsà, ẹ̀wà, ẹja, iyán fún àwọn àgbà, sódàbì (ògógóró) fún àwọn tó ń mu ún, ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn Ìmàlé àti oníjọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n rẹ́ ògiri lọ́sàn-án náà ni wọ́n jí dáná lóru, mi ò sì rí ọkùnrin kan tó bá wọn wẹ abọ́. Èyí gbọ́dọ̀ yí padà. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan sì ba ìpele kejì ògiri jẹ́ kó tó le, àfi ìgbà tí wọ́n tún un mọ. Ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀ kẹta, àwọn tó wá kò tó ìdajì àwọn tó wá ní àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti ń ṣàníyàn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti iléèwé tí àbúrò wọn ti ń kọ́ni ní Sakété tó dé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

Òrùlé ni kò sí ọgbọ́n tí ọ̀wẹ̀ lè dá sí. Páànù, ìṣó àti owó káfíńtà, sẹ́fà ni wọ́n fi ń san án. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ wú mi lórí. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ni pé ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan bàbá àgbà dá iye kan náà, yálà wọ́n lówó tàbí wọn kò ní. Iye tí èyí tí kò rọ́wọ́ họrí rárá kò ní í ní láti yá ni wọ́n mú. Ẹni tó wà ní Èkó fẹ́ fi kún tirẹ̀, wọn kò gbà. Páànù tí owó náà rà kò tó, wọ́n bá bo iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n yan àwọn tó ṣì dára lára ògbólógbòó fún ẹ̀yìn, wọ́n sì ní kí káfíńtà na etí òrùlé síta ní apá kan kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìbínú àbúrò náà kò pẹ́. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilé amọ̀ kò ní àṣeparí. Wọ́n ti fẹnu kò pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí omi ṣì wà nínú kànga, gbogbo wọn á pàdé níbẹ̀ láti wo gọ́tà, láti rẹ́ ibi tí òjò bá jẹ, láti pa ilẹ̀ yàrá. Gbèsè ọ̀wẹ̀ náà sì wà lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn zẹ́mìjàn fẹ́ gbé ilé ìyá rẹ̀ dìde nítòsí Issaba. Àwọn Ìmàlé tí oko wọn jọ pààlà ní àká àgbàdo tó ti fẹ́ ṣubú. Ìjọ ní ilé àlùfáà tí ògiri rẹ̀ ń wú gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe wú, sìmẹ́ǹtì ló sì wà lára òun náà. Bàbá amọlé ti lọ kàn án níka, wọ́n ti sọ ibi tí wọ́n á ti gé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún un, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti fi ránṣẹ́ sí WhatsApp pé kí oníkálukú mú ọkọ́ tirẹ̀ dání.